Ọ̀rọ̀ Tí Jẹ́jẹ́ Fi Kún Un

Alága ìjókòó yìí, dókítà àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ jókòó lọ́tùn-ún lósì alága, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tó jẹ́ pé àìsàn ló mú ká mọra, tí ara yín ti yá tipẹ́ tí ẹ ò sì gbàgbé mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin tí ẹ ń ti bẹ́ẹ̀dì àti ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀ tí a fi ń ríbi tẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ará yàrá ògbufọ̀, ẹ̀yin àbúrò mi tí mo ti bá wí títí ẹ fi mọ iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, mo rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ wo Jẹ́jẹ́ níwájú níbẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó tẹ̀ sí etí alága yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò láàárín wa, kó mọ̀ pé ògbufọ̀ bíi tèmi ni. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, nítorí kì í gbóhùn sókè, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Alága ò gbọ́ èdè wa, òun ló ń tú ọ̀rọ̀ mi sí wọn létí báyìí. Gbogbo ìkíni tí mo ti ń tò látàárọ̀, ṣé ẹ rí i pé ó ti parí rẹ̀ kí n tó dé orí àwọn agbẹ̀bí? Lédè alága, gbogbo rẹ̀ ò ju "ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì" lọ. Mo rí bí alága ṣe wò ó, pé ṣé kò fo nǹkan kan báyìí. Kò fo nǹkan kan, alága. Èdè yín ni kò ní àga tó fún gbogbo ìkíni wa láti jókòó.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo ti sọ ọ́ fún ẹlòmíì rí, lóríṣiríṣi, nínú yàrá tí ẹnì kan ti ń dágbére fún ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé, tàbí fún ọmọ tí kò dúró. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Tèmi gan-an ni mi ò sọ rí, torí náà bí mo bá kọsẹ̀, ẹ fà mí dìde.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí. Akọ̀wé ni mí tẹ́lẹ̀, nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ọ̀gá ògbufọ̀ ìgbà náà, tí a ń pè ní Bàbá Awò nítorí awò ojú wọn tó nípọn, máa ń gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, wọ́n á sì dúró gbọ́ bí mo ṣe ń bá àwọn èèyàn fa ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ mú jù fún ibi tí o wà. Wá bá mi ṣiṣẹ́, kí n bá ẹ pa á dé." Mo rò pé àwàdà ni. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi náà nìyẹn. Wọ́n kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ wa ò pọ̀. Bí aláìsàn bá ní "ẹsẹ̀ ń dùn mí," o ò gbọdọ̀ sọ fún dókítà pé "ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun." "Ẹsẹ̀ ń dùn mí" ni wàá sọ. Ìwọ ni aláìsàn títí ẹ ó fi jáde nínú yàrá. O ò gbọdọ̀ fi kún un, o ò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ohun tí o bá sì gbọ́ nínú yàrá, inú yàrá ni kó máa gbé. Ẹ ò rí ohun tí mo ti dà láyé yìí? Mo ti lóyún ìbejì, mo ti ní wàhálà ìtọ̀ bí àgbà ọkùnrin, mo ti fẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé mo mutí yó kí n tó wakọ̀. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, bí mo bá ti wọlé báyìí, wọ́n á ní, "Ta lo jẹ́ lónìí? Kí n mọ ẹni tí mo fẹ́ gbé oúnjẹ fún."

Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú èdè yín, bákan náà lẹ ń pe gbogbo ẹni tí ẹ bá ń bá sọ̀rọ̀, ìyá arúgbó ni o, ọmọ ọwọ́ ni o. Nínú èdè wa, bí dókítà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì pé bá sọ fún ẹni tó bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ pé "la ẹnu," ẹnu yẹn ò ní ṣí mọ́ títí ọjọ́ fi máa lọ. Wọ́n á ní "la ẹnu," èmi á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa lanu díẹ̀." Ṣé mo fi kún un àbí mi ò fi kún un? Bàbá Awò ní mi ò fi kún un. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn dókítà, ibi tí èdè kálukú ń gbé e sí ló yàtọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ohùn gbogbo dókítà ló wà o. Àwọn kan wà láàárín yín tí àwọn arúgbó ìlú yìí ń yìn pé ọmọ ilé ire ni wọ́n. Èmi ni ilé ire náà.

Jẹ́jẹ́, túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Mo ń wo ẹnu ẹ.

Èdè yín náà sì máa ń há mi mọ́gun. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, obìnrin kan wá tí ojú rẹ̀ wú. Wọ́n bi í pé ta ló lù ú. Ó ní, "Ó ṣì wà nílé." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó lanu, mo ní láti mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, nítorí èdè yín ò ní í jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ kan láìsọ ọ́. Òun sì mọ̀ọ́mọ̀ fi onítọ̀hún pamọ́ sínú "ó" yẹn ni. Ó ti wò ó, ó rí i pé ibẹ̀ nìkan ló kù tí òun lè sá sí. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ní, "Ẹni náà ṣì wà nílé." Dókítà wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Kò burú. Ó sàn kí wọ́n pè mí ní òpè ju kí n tú èèyàn sí gbangba lọ.

Ṣé ẹ tún rántí bàbá kan tó ní ìrora òun ń rìn? Dókítà ní kó mú nọ́ńbà kan láti oókan dé ẹ̀wá tó máa sọ bó ṣe pọ̀ tó. Bàbá wo dókítà, ó wo èmi, ó ní, "Ohun tó ń rìn, ibo ni kí n ti dá a dúró kí n tó kà á?" Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí bàbá fi ìka tọ́ka ọ̀nà tó ń gbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àìsàn náà mú. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo fi ẹsẹ̀ rìn délé.

Látorí irú nǹkan báyìí ni mo ti ní ìgbàgbọ́ kan, mo sì fi kọ́ gbogbo ẹni tó gba abẹ́ mi kọjá. Mo máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ò ṣe nǹkan kan, ìtumọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé. Mo ní ọ̀rọ̀ ni èèpo, ìtumọ̀ ni ọsàn, ẹni tó bó ọsàn kì í sunkún èèpo. Àwọn kan nínú yín ti ń fi ẹnu bá mi sọ ọ́ báyìí, mo rí yín. Ẹ ti gbọ́ ọ títí ó fi sú yín.

Òfin kan wà tí kì í ṣe ti Bàbá Awò. Èmi ni mo ṣe é nígbà tí mo di ọ̀gá. Ọ̀kan nínú wa nígbà náà, ẹni tó láàánú lójú, lọ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n aláìsàn kan ohun tí àbúrò wọn sọ fún dókítà kó tó kú. Ó rò pé òun ń ṣe oore ni. Kí oṣù tó parí, ẹbí yẹn ti tú ká, oníkálukú ń fi ọ̀rọ̀ òkú na ara wọn. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá wa: ohun tí aláìsàn bá sọ, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹbí rẹ̀, bó wà láàyè, bó kú. Mo tún fi ọ̀kan sí i nísàlẹ̀, pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀ fún ẹbí ara rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ràn èèyàn á fi kún un, á sì yọ nínú rẹ̀, kò sì ní mọ̀. Òfin méjèèjì dáa. Mo fi wọ́n yangàn fún àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Mi ò mọ̀ pé ẹgba tí mo ń hun ni wọ́n máa fi nà mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyá mi ò gbọ́ èdè ibí yìí títí wọ́n fi lọ. Ilé mi ni wọ́n ń gbé. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu mi. Wọ́n á ní, "Ibi iṣẹ́ ńkọ́?" Màá ní, "Dáadáa ni." Wọ́n á ní, "Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?" Màá ní, "Wọ́n wà." Wọ́n á dúró díẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn á tún bọ́ sílẹ̀, tí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á gbé abọ́ lọ sí kíṣìnnì. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbogbo ayé lò ń bá sọ̀rọ̀, ó wá kan èmi, ọ̀rọ̀ tán." Mo rẹ́rìn-ín. Àwàdà ni mo fi ṣe. Ó ń dùn mí títí di òní pé mo rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo kọ́ yín ní èdè ilé ìwé yín, mo ní tiwa á bá yín bó yá. Kò bá yín. Bí ẹ bá fẹ́ bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ̀ ń dúró de èmi, bí mi ò bá sí nílé, ẹ̀yin pẹ̀lú wọn á máa fi ọwọ́ júwe nǹkan fúnra yín, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Ìdajì ohun tí mo ń sọ lónìí ò yé yín. Ẹ bi Jẹ́jẹ́ tí a bá parí.

Nígbà tí àìsàn dé, ibí la gbé wọn wá, wọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Òfin ni òfin. Jẹ́jẹ́ ló ṣe ògbufọ̀ wọn. Èmi á jókòó tì wọ́n bí ọmọ, màá pa ẹnu mọ́, màá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́nu wọn àti lẹ́nu Jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Jókòó díẹ̀ sí i." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni fóònù mi dún. Agbẹ̀bí lókè ní obìnrin kan ń rọbí, gbogbo èdè ti fò lọ lórí rẹ̀ àfi tiwa, kò sì sí ògbufọ̀ mìíràn nítòsí àfi Jẹ́jẹ́, ẹni tó gbọdọ̀ dúró ti ìyá mi. Mo dìde. Mo ní, "Màámi, mo ń bọ̀."

Alága, ẹ ti bi mí rí ìdí tí àwọn èèyàn wa fi máa ń sọ pé àwọn ń bọ̀ nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ń lọ ni. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo ní kì í ṣe irọ́, pé ẹni tó ní òun ń bọ̀ ti fi ọkàn sí ìpadàbọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ ní àlàyé tó dáa ni, ẹ tún lọ sọ ọ́ fún àwọn dókítà tuntun. Láti ọjọ́ yẹn, alága, mi ò lè sọ "mo ń bọ̀" mọ́. Bí mo bá fẹ́ jáde nínú yàrá, mo kàn ń jáde ni.

Obìnrin náà rọbí pẹ́. Nígbà tó le, ó pariwo pé, "Ẹ bá mi pe ìyá mi." Ohun tó bá sọ ni mo gbọdọ̀ sọ. Mo yíjú sí agbẹ̀bí, mo sọ ọ́ lédè wọn pé, "Ẹ bá mi pe ìyá mi." Ó tún sọ ọ́, mo tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há, èmi náà ń sọ ọ́. Agbẹ̀bí yẹn jókòó síbí, ó mọ̀ pé mi ò purọ́. Bí mo ṣe ń pe ìyá mi lókè, ìsàlẹ̀ ni ìyá mi ti ń lọ. Mi ò mọ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mo ń sọ.

Ó bímọ, ọmọ ké, a yọ̀. Ìyá ọmọ náà, mo mọ̀ pé o wà láàárín wa, má sunkún, ìwọ kọ́ lo fà á. Mo sọ̀kalẹ̀ wá, mo bá kọ́tìnnì tí wọ́n ti fà yí bẹ́ẹ̀dì ká. Jẹ́jẹ́ dúró níta kọ́tìnnì, ó ń wo ilẹ̀.

Dókítà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ti fi ilé ìwòsàn wa sílẹ̀ tipẹ́. Lọ́jọ́ náà, mo bi í bóyá ìyá mi sọ nǹkan kan. Ó sọ gbólóhùn kan fún mi lédè yín. Ó ní ìyá mi ní ó tó, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín lédè wa yìí gan-an, èmi ni mo tún tú u, kì í ṣe ohùn ìyá mi lẹ gbọ́ yẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Mo gbé gbólóhùn náà délé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ padà. Ṣé "ó tó gẹ́ẹ́" ni wọ́n sọ, bí wọ́n ṣe máa ń sọ tí inú bá ń bí wọn? Ṣé "ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀" ni? Ṣé "mo dúpẹ́, ó tó" ni, bí ẹni tó jẹun yó? Ṣé wọ́n kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ọmọ mi dà, ṣebí ó ní òun ń bọ̀"? Gbogbo wọn ló lè wọ inú gbólóhùn dókítà, kò sì ní fún ọ̀kankan nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun ni mo jókòó tì, mi ò rí i ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ọsàn wà lọ́wọ́ mi odindi, kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Èèpo ni mo ń wá kiri.

Jẹ́jẹ́, tí èèpo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ń bá mi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Tábìlì wa kọjú síra. A jọ ń mu tíì nínú kẹ́tù kan. Òfin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sì wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, bí mo bá gbójú sókè láti bi í, òun ni mo máa kọ́kọ́ kà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Nígbà mìíràn màá ṣàdédé bú u, nítorí ilẹ̀kùn tí kò tì, nítorí ife tí kò fọ̀. Àwọn yòókù, tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá, á ní, "Kí ni Jẹ́jẹ́ tún ṣe fún Ìyá?" Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Jẹ́jẹ́, má dákẹ́, alága ń dúró dè ẹ́. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ní, "Mo bú Jẹ́jẹ́ láìnídìí, mo sì tọrọ àforíjì lójú gbogbo yín." Ó ṣeun.

Lánàá, a ń kó ẹrù mi. Ó ń bá mi fi ìwé ìròyìn wé ife mi kó má baà fọ́. Mo ní, "Jẹ́jẹ́, lọ́la mi ò ní jẹ́ ọ̀gá ẹ mọ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Mo ní, "Kí ni ìyá mi sọ?"

Ó gbé ife sílẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, mo lè tú u."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Ìyá, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ín mọ́. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lójú wa ló ni ín."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ìkà ni. Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní tún sọ níwájú àgbà. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó yá ó jókòó sórí páálí ẹrù mi, ó ní, "Ọ̀rọ̀ Màmá, mi ò lè sọ. Àmọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo ṣẹ̀ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn, tèmi ni, mo lè jẹ́wọ́ rẹ̀." Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ wo. Ó ní òun fi kún un.

Ẹ̀yin ará yàrá ògbufọ̀, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ tí a mọ̀ yìí kì í fi ikọ́ kún ọ̀rọ̀ aláìsàn. Mo ní, "Kí lo fi kún un?" Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí n tó túmọ̀ fún dókítà, èmi fúnra mi ti dá Màmá lóhùn. Ó bọ́ lẹ́nu mi ni, Ìyá. Mo ní àmín. Wọ́n ṣì ń bá a lọ, mo tún ní àmín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń ṣe àmín sí ìbínú? Ta ló ń ṣe àmín sí "ọmọ mi dà"? Mo jókòó sórí páálí kejì. Mo sunkún débi pé ẹni tó ń nu ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yọjú wò wá, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àdúrà ni. Ohun tó kẹ́yìn ẹnu ìyá mi, àdúrà ni, ó sì gùn tó láti gba àmín ju ẹyọ kan lọ. Bóyá ìparí rẹ̀ nìkan ni dókítà rántí. Bóyá èdè rẹ̀ ni kò ní àga fún ìyókù.

Mi ò ní tan ara mi jẹ. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ṣe àdúrà náà fún. Ó lè jẹ́ Jẹ́jẹ́. Ó lè jẹ́ dókítà. Ó lè jẹ́ aláìsàn orí bẹ́ẹ̀dì kejì, nítorí ìyá mi máa ń ṣàdúrà gígùn fún ẹni tó bá sáà ti bá wọn gbé ife omi. Mi ò gbọ́ ọ, mi ò sì ní gbọ́ ọ mọ́ láyé. Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀ kí n ṣe àmín yẹn, mi ò sí níbẹ̀, àbámọ̀ rẹ̀ á bá mi délé, á sì bá mi dàgbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi jẹ́ ẹnu fún ẹlòmíì. Ọjọ́ tí ẹnu tèmi ò sí nítòsí, ẹnì kan jẹ́ ẹnu fún mi. Ó sì ti ń rò ó láti ìgbà náà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun ṣẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹni tí mo bá fi ẹnu mi ṣẹ̀, tí mo jágbe mọ́ nítorí ó pẹ́ dé, tí mo ní kó padà lọ kọ́ èdè ìyá rẹ̀, ẹ dárí jì mí, ẹnu mímú yẹn ni Bàbá Awò ò rí pa dé tán. Ẹ má yọ òfin yẹn kúrò lára ògiri. Mo fẹ́ yọ ọ́ lánàá, mo ti gbé àga sí ìdí rẹ̀, mo tún gbé àga kúrò. Ẹni tó bá sì ní ìyá nílé, tàbí bàbá, tàbí ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná gbogbo ọ̀rọ̀ tán síbi iṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù lọ sílé.

Ẹ jẹ́ n ṣàdúrà kí n tó jókòó. Alága, ilé yìí ò ní wó mọ́ yín lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ara tiyín náà á le. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ láàárín wa, yóò rí ẹni tó máa gbọ́ ọ ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹni tó bá ní òun ń bọ̀, yóò padà bá ẹni tó ń dúró dè é. Mo gbọ́ àmín yín, àmọ́ ẹ ṣe é kó dún. Ẹ ò mọ ẹni tó jẹ́ pé àmín yìí nìkan ló máa rí gbà.

Jẹ́jẹ́, dìde. Alága, ẹ forí jì wá, èyí ò ní dé etí yín. Jẹ́jẹ́, ohun tí o ti ń bá mi gbé láti ọjọ́ yẹn ò ní wúwo jù fún ọ. Ọjọ́ ìkẹyìn tìrẹ á jìnnà, á sì tura. Ọmọ ẹ ò ní sí lókè, ọmọ ẹ ò ní sí lọ́nà. Ọwọ́ rẹ̀ á wà nínú ọwọ́ ẹ, á sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí o bá sọ.

Má túmọ̀ rẹ̀. Ṣe àmín.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ ọ. Ẹ ṣé o.